Kò Sí Ẹ̀gbọ́n Lórí Pápá

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wá bá mi nílé ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ilé-ìwé kan fi iṣẹ́ kóòṣì lọ òun, ṣé kí òun gbà á? Mo ní kó jókòó, kó kọ́kọ́ mu omi. Ìgbà tí mo fi máa sọ̀rọ̀ tán, ó ti ń wo ilẹ̀. Kò sọ pé òun máa gba iṣẹ́ náà, kò sì sọ pé òun ò ní gbà á. Ó kàn dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó lọ. Kí n má baà máa fi ẹnu tó ti rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kí n kúkú kọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ kà á. Bó bá korò, ẹ má bínú sí mi. Ohun tí mo jẹ ni mo ń sọ.

Iṣẹ́ tí mo ṣe ni pé mo kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé gíga kan ní Yaba ní béésìbọ́ọ̀lù. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí n ṣàlàyé. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe é ni mo ti ń ṣàlàyé. "Ṣé kíríkẹ́ẹ̀tì yẹn ni?" Rárá. "Ṣé èyí tí wọ́n máa ń gbá lórí yìnyín ni?" Yìnyín wo ló wà ní Yaba? Àbúrò ìyá mi kan kú láìmọ ohun tí mo ń fi jẹun. Lójú tirẹ̀, tíṣà ni mí, ó sì ń dúpẹ́ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀. Eré náà kò le. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí òkúta. Ẹlòmíì láti ẹgbẹ́ kejì á fi igi gbá a, á sì sáré yí ibùdó mẹ́rin po kó tó padà sílé. Àwọn tó kù á fọ́n ká sórí pápá, kí wọ́n lè mú bọ́ọ̀lù náà kó tó balẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gùn. Mo wá kàwé níbẹ̀, mo ń gbá a, mo parí, wọ́n ní kí n dúró ti ọ̀gá mi. Ní ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fò ó, kí ẹ̀jẹ̀ mi má baà ru.

Ọ̀gá mi yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá Ṣówándé. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ ò ga, fìlà kan náà ló sì ń dé tí oòrùn fi sọ ọ́ di aláìláwọ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo wọ bàtà funfun tuntun tí bàbá mi rà fún mi. Tíṣà ni bàbá mi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà paraku. Kò mọ eré náà, ṣùgbọ́n ó gbà pé ohunkóhun tí èèyàn bá máa ṣe, kó mọ́ tónítóní lọ. Ọ̀gá wo bàtà náà, ó wo ojú mi.

"Ta ló pè ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó pè mí, sà."

"O fẹsẹ̀ ara rẹ wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Tó o bá fẹ́ máa lọ, ẹsẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Bọ́ sẹ́yìn wáyà."

Bí ó ṣe máa ń bi gbogbo wa nìyẹn, kò sì sẹ́ni tí ìdáhùn rẹ̀ yàtọ̀ láyé ìgbà náà. Ibẹ̀ la ti mú orúkọ wa: Afẹsẹ̀wá. Ẹ̀yìn wáyà ni ẹ̀yìn àwọ̀n irin tó wà lẹ́yìn ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni Afẹsẹ̀wá á wà fún odindi ọdún kan, á máa ṣa bọ́ọ̀lù tó bá fò kọjá, á máa fa ìlà ẹfun sórí pápá, á sì máa rán bọ́ọ̀lù. Rírán ni mo wí. Kò sí bọ́ọ̀lù olówó ńlá nígbà náà. A máa ń lọ tọrọ àjákù awọ lọ́dọ̀ àwọn ṣúmékà ní Ọ̀yìngbò, a ó wé òwú mọ́ rọ́bà, a ó fi awọ bò ó, a ó wá rán an. Abẹ́rẹ́ gún mi títí ìka mi fi yi. Nígbà tí mo ráhùn, Ọ̀gá ní, "Bọ́ọ̀lù tó o bá fọwọ́ ara rẹ rán, o ò ní fẹ́ kó jábọ́." Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Tèmi gbóná dáadáa.

Ẹni tó bá wá tó nǹkan, Ọ̀gá á pè é bọ́ sí àárín pápá, á fún un ní ẹ̀wù. Ẹ̀wù yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí o bá gba ẹ̀wù, o ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ilé-ìwé máa kó lọ síbi ìdíje. Bí o ò bá gbà á, ẹ̀yìn wáyà lo ṣì wà. Mo rí ọkùnrin tó ga jù mí lọ tó sunkún torí ẹ̀wù yẹn, tó fi gèlè ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ nu ojú. A fi í ṣe ẹ̀sín títí ó fi jáde ilé-ìwé.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù nínú ohun tí Ọ̀gá kọ́ mi, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ pápá ló kọ́ mi. Ẹnì kan wà tó jù mí lọ níwèé àti lọ́jọ́ orí, Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi ni gbogbo wa ń pè é. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kan sókè, ó ga débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ̀ kalẹ̀ mọ́, ó wá ń bọ̀ láàárín èmi àti òun. Èmi ló sún mọ́. Mo rọra ní, "Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n..." Kí n tó kọjá "kí n", bọ́ọ̀lù ti balẹ̀ láàárín wa.

Ọ̀gá fun fèrè. Gbogbo eré dúró.

"Ta ló ń jẹ́ Ẹ̀gbọ́n níbí?"

Mo nawọ́ sí Fẹ́mi.

"Bàbá Fẹ́mi àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n pa ẹran, wọ́n se ìrẹsì. Ìwọ wá lọ jí orúkọ mìíràn gbé fún un. Ó yá, sáré yí pápá po, kó o máa pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́."

Mo sáré. Mo ń pariwo "Fẹ́mi! Fẹ́mi! Fẹ́mi!" bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù ní Ọ̀yìngbò, Fẹ́mi fúnra rẹ̀ sì fi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, tí mo ń mí hẹlẹ, Ọ̀gá pe gbogbo wa jọ. Ó ní ẹni tó bá ń wo bọ́ọ̀lù lókè kò lè wo ẹnìkejì rẹ̀ nílẹ̀. Ohùn nìkan ni ojú tó kù fún un. Ó ní, "Kò sí ẹ̀gbọ́n lórí pápá. Kò sí 'ẹ'. 'Ẹ' yìí, èèyàn mélòó ló wà nínú rẹ̀? Ó lè jẹ́ bàbá rẹ nìkan, ó lè jẹ́ gbogbo ọjà. Orúkọ ni kí o pè. Ketekete ni kó o ké e. Tí eré bá parí, tí a bá ti sọdá ìlà ẹfun, kí oníkálukú wá àgbà rẹ̀ lọ, kó dọ̀bálẹ̀ fún un."

Bẹ́ẹ̀ la sì ń ṣe. Ẹni tó o bá pariwo mọ́ lórí pápá pé "Fẹ́mi! Kúrò níbẹ̀!", tí ẹ bá ti kọjá ìlà ẹfun, wàá na gbalaja fún un. Àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà á rò pé orí wa dàrú. Kò dàrú. Ní gbogbo ìgbà ayé Ọ̀gá Ṣówándé, ẹnì kankan ò kọ lu ẹnìkejì rẹ̀ débi pé egungun á ṣẹ́. Nígbà tó kú, tí mo gba fèrè, òfin yẹn ni ohun kan ṣoṣo tí mi ò yí padà.

Gbogbo nǹkan tó kù ló yí padà láìgbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Igi tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ní Èbúté-Mẹ́ta ló ń gbẹ́ ẹ fún wa tẹ́lẹ̀. Bó bá kan bọ́ọ̀lù dáadáa, ọwọ́ rẹ á mọ̀, ọkàn rẹ á mọ̀. Wọ́n kó ti irin dé, èyí tó ń dún gbaun bí ẹni ń gbá korobá. Bọ́ọ̀lù wá dé nínú páálí láti òkè òkun, ẹnì kankan ò rán nǹkan mọ́. Bí ó bá fò sínú gọ́tà, wọn á ní, "Kóòṣì, ẹ mú òmíràn." Wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń ju bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀rọ dé, iná ò dé. Ó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí títí adìyẹ ẹ̀ṣọ́ fi ń yé sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fóònù gba ọwọ́ gbogbo wọn. Ọmọ á gbá bọ́ọ̀lù kan, á sáré lọ wo ara rẹ̀ nínú fóònù kó tó mọ̀ bóyá ó gbá a dáadáa. Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ burú o. Ìbọ̀wọ́ tuntun tí wọ́n fi ń mú bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ràn. Ó dára, ó gba ọwọ́ là. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń rí irinṣẹ́ sí i ni sùúrù ń tán sí i.

Ohun tó wá ba iṣẹ́ náà jẹ́ fún mi kì í ṣe irinṣẹ́. Ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ ife ẹ̀yẹ. Wọ́n rí i pé àwọn ilé-ìwé mìíràn ń kó àwọn tó mọ béésìbọ́ọ̀lù gbá wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n ń fún wọn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, yàrá ọ̀fẹ́ àti oúnjẹ. Àwa náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a kó wá yìí, àwọn Afẹsẹ̀wá ló sọ wọ́n ní Agbéwá. Mi ò bá Agbéwá kankan jà. Ọmọ tálákà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn sì mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ ohun tí wọ́n bá náwó lé, wọ́n fẹ́ rí i. Olùdarí eré ìdárayá wa, ọkùnrin kan tó máa ń wọ kóòtù sórí pápá nínú oòrùn, pè mí, ó ní kí n gbọ́ ọ dáadáa: gbogbo Agbéwá gbọ́dọ̀ gba ẹ̀wù. Kí wọ́n tó dé láti ilé wọn, ẹ̀wù wọn ti wà nílẹ̀, orúkọ wọn ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀wù tí àwa fi abẹ́rẹ́ àti oòrùn gbà.

"Ẹ̀wù tó bá ṣẹ́ kù ńkọ́, sà?" ni mo bi í.

"Ìyẹn ni kí àwọn tó fẹsẹ̀ wá máa dù."

Wọ́n sì ń dù ú. Nínú àwọn tó ń dù ú ni Sàkírù wà.

Sàkírù wá láti Mushin. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ń ránṣọ. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, mo bi í léèrè bí Ọ̀gá ṣe bi mí, pé ta ló pè é. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó pè mí, sà. Mo kàn ń kọjá, mo rí bọ́ọ̀lù lókè, mo dúró wò ó." Ọdún méjì ló lò lẹ́yìn wáyà, kì í ṣe torí pé kò mọ̀ ọ́n, torí pé kò sí ẹ̀wù ni. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti rí ọ̀pọ̀ tó ń sá lé bọ́ọ̀lù. Sàkírù kì í sá lé e. Bí igi bá ti kan bọ́ọ̀lù báyìí, yóò yí ẹ̀yìn padà, yóò sáré láìwo òkè, ìgbà tó bá fi máa yíjú padà, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lábẹ́ bọ́ọ̀lù náà. Mi ò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìyẹn. Mi ò lè ṣe é. Mo fẹ́ràn ọmọ náà, mi ò ní parọ́.

Ní ọdún kẹta rẹ̀, tí mo ti jẹ́ kó máa bá wọn múra sílẹ̀ lórí pápá, ọ̀rọ̀ dé góńgó. Ìyá rẹ̀ ò lè san owó ilé-ìwé tó kù mọ́. Òfin ilé-ìwé sì ni pé Afẹsẹ̀wá tó bá gba ẹ̀wù fún ìdíje ńlá ọdún yẹn, ilé-ìwé á sọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ di ọ̀fẹ́ títí yóò fi jáde. Ẹ̀wù kan ṣoṣo ló kù. Bí Sàkírù bá gbà á, á di akẹ́kọ̀ọ́ gboyè. Bí kò bá gbà á, ilé ló ń lọ. Gbogbo wa la mọ̀.

Ibẹ̀ ni àlejò ti wá bá wa. Àgbàlagbà kan nínú ìgbìmọ̀ ilé-ìwé wá wo bí a ṣe ń múra sílẹ̀. Ó jókòó lábẹ́ ìbòòji, wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un. Kò pẹ́ tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kan sókè, Sàkírù sì pariwo mọ́ Agbéwá kan tó ń jẹ́ Délé, "Délé! Kúrò! Tèmi ni!" Délé kúrò, Sàkírù mú bọ́ọ̀lù. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Mo pàtẹ́wọ́. Àmọ́ Délé ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ó ti ní irùngbọ̀n. Sàkírù sì dà bí ọmọ ogún ọdún tí kò tíì jẹun yó. Bàbá àlejò gbé ife sílẹ̀.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá ẹ̀gbọ́n wọn sọ̀rọ̀ níbí nìyí?"

Olùdarí dìde bí ẹni tí èèrà ta. Ó pe gbogbo wọn jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ẹfun. Ó ní ọmọ Yorùbá ni wá, a kì í ṣe ẹranko. Ó ní láti òní lọ, ẹni tó bá kéré gbọ́dọ̀ fún ẹni tó bá jù ú lọ ní ọ̀wọ̀ rẹ̀, ì báà jẹ́ lórí pápá, ì báà jẹ́ nínú omi. Délé fúnra rẹ̀ ní, "Sà, kò bí mi nínú o, bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn," Olùdarí ní kó panu mọ́. Ó wá nàka sí Sàkírù. "Ìwọ. Ṣé o fẹ́ ẹ̀wù? Ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ló ń bá àgbà jẹun. Bí mo bá tún gbọ́ orúkọ ẹni tó jù ọ́ lọ lẹ́nu rẹ báyẹn, gbàgbé ẹ̀wù."

Mo bọ́ síwájú. Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, èèyàn máa fara pa. Ọ̀gá Ṣówándé..."

"Kóòṣì, ọ̀gá yín ti kú. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì. Mo tún lọ lọ́jọ́ kẹta. Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ṣàlàyé fún yín yìí, pé ojú tó ń wo òkè kì í wo ilẹ̀. Ó ní òun gbọ́, ó sì fi tíì lọ̀ mí. Tíì ni mo mu.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí a máa fi yan ẹni tó máa gba ẹ̀wù tó kù bọ́ sí ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Olùdarí wà níbẹ̀, bàbá àlejò náà wà níbẹ̀. Sàkírù dúró láàárín, níbi tó jìnnà jù. Délé wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Lánre, Agbéwá mìíràn tó ju Sàkírù lọ lọ́jọ́ orí, wà níwájú wọn. Lórí pápá wa, ẹni tó bá dúró láàárín ló máa ń sọ ẹni tó máa mú bọ́ọ̀lù, torí òun ló ń rí gbogbo wọn. Sàkírù ti mú mẹ́ta lọ́jọ́ náà, ọ̀kan nínú wọn pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí koríko, àní bàbá àlejò náà pàtẹ́wọ́. Inú mi ti ń dùn. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa na ẹ̀wù náà sí i.

Wọ́n wá gbá ọ̀kan sókè. Ó ga. Ó ń bọ̀ láàárín Délé àti Lánre. Délé ló rọrùn fún. Lánre ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀, Délé ń sáré lọ síwájú, àwọn méjèèjì ń wo òkè. Sàkírù rí i. Mo rí i pé ó rí i. Ó la ẹnu, mo sì mọ ohun tó fẹ́ sọ, torí èmi ni mo fi kọ́ ọ: "Délé, mú un!" Ó yí ojú sí ibi tí Olùdarí jókòó sí. Ó wá ké e.

"Ẹ mú un!"

Délé gbọ́ pé òun ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Lánre náà gbọ́ pé òun ni. Kò sí èyí tó ṣì í gbọ́ nínú wọn. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn méjèèjì kọ lu ara wọn pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, mo sì gbọ́ orúnkún Délé láti ibi tí mo dúró sí. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mò ń gbọ́ ọ. Lánre dìde lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Délé ò dìde. A gbé e sínú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, Sàkírù ló di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú títí a fi dé ọsibítù, ó ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ má bínú." Délé ń sunkún, ó sì ń fi ọwọ́ gbá a lórí jẹ́jẹ́. Délé ò gbá béésìbọ́ọ̀lù mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọ̀pá ló fi ń rìn lọ sí kíláàsì títí ó fi jáde.

Bí ògiri bá lanu, aláǹgbá á wọ̀ ọ́. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, Olùdarí ló sì ṣe alága rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti fi fóònù ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì fi hàn níwájú wa. Ohùn Sàkírù jáde ketekete: "Ẹ mú un!" Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ bi í léèrè.

"Àwọn méjì ló wà níbẹ̀. Kí ló dé tí o ò pe orúkọ ẹni tí o fẹ́ kó mú un?"

Sàkírù wo Olùdarí. Olùdarí yọ awò ojú, ó ń nù ún.

Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kó má pè é. Gbogbo wa la wà níbẹ̀."

"Kóòṣì, ẹ̀yin kọ́ la bi."

"Mo mọ̀. Ẹni tí ẹ bi ò lè sọ ọ́, ọmọ ni."

Wọ́n ní kí n jáde. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí wọ́n fi parí. Àbọ̀ ìwádìí wọn ni pé àìbìkítà akẹ́kọ̀ọ́ ló fa ìjàǹbá, pé ilé-ìwé pàdánù ẹni tó náwó lé lórí, pé Sàkírù ò gbọ́dọ̀ wọ pápá mọ́. Ọmọ tó wẹ ọwọ́ bí wọ́n ṣe ní kó wẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé abọ́ kúrò níwájú rẹ̀. Ẹ̀wù tó kù, wọ́n fún Agbéwá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́sẹ̀ yẹn. Níbi ìdíje, bọ́ọ̀lù mẹ́ta já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú mi. A ò gba ife kankan.

Èyí tó tún wá dùn mí jù ni fóònù yẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pín fídíò náà kiri. Wọ́n sọ ọ́ di àwàdà. Bí ẹnì kan bá ju nǹkan sílẹ̀ ní ilé oúnjẹ, ìró á gbalẹ̀: "Ẹ mú un!" Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Sàkírù náà gbọ́ ọ. Kí sáà náà tó parí, kò wá sí kíláàsì mọ́.

Mo bẹ gbogbo ẹni tí mo lè bẹ̀. Mo wọ ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Wọ́n ní, "Kóòṣì, ẹ fara balẹ̀, ẹ ti fẹ́ fẹ̀yìn tì." Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò fara sin fún ẹnì kankan nínú wọn. Wọ́n kàn ń wo ẹni tí kò ní bàbá tó máa wá bèèrè ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: iṣẹ́ lè dára, kí àwọn tó ni ilé tí ẹ ti ń ṣe é má dára. Kí ẹ tó gba iṣẹ́, ẹ bi ara yín léèrè ẹni tó ni fèrè, ẹ má wo ẹni tó ń fun ún.

Mo lọ sí Mushin lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti wá Sàkírù lọ. Ìyá rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ níwájú ilé, ó dìde, ó kúnlẹ̀ fún mi bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Mo ní, "Mà, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́." Ó dìde, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Sàkírù gbé àga fún mi, ó sì lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò wo ojú mi. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé mo wá nítorí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé. Ó ní òun ti gbọ́. Ó ní Sàkírù ti sọ fún òun pé àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù ú lọ ló pọ̀, pé ó tẹ́ òun ìyá rẹ̀ lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

"Irọ́ ni, mà," ni mo sọ. "Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gbá tó o níbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò rí irú rẹ̀."

Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wò mí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí aṣọ tó ń rán.

"Ó mọ̀ ọ́n gbá, wọ́n sì lé e. Kóòṣì, ẹ má fi bò fún mi. Ṣé ó rí àgbà fín ni?"

"Rárá, mà."

"Ṣé ó bú wọn?"

"Kò bú ẹnì kankan, mà. Ó bọ̀wọ̀ fún wọn."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Alihamudulilahi. Ìyẹn ló ń já mi láyà. Mo rò pé ó fi ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ sílẹ̀ ni." Ó tún kúnlẹ̀. Ó ní, "Kóòṣì, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn níléèwé o. Ẹ ní ìyá Sàkírù ní wọ́n ṣeun tí wọ́n jẹ́ kó bá wọn ṣeré."

Mo ní mo gbọ́, mà. Mo fẹ̀yìn tì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n fún mi ní aago, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀, mo dìde, mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì jókòó. Mi ò jẹ́ iṣẹ́ tí obìnrin yẹn rán mi.